Ẹ Yéé Gbé Adé fún Starscream

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwa ọ̀dọ́ tí a fẹ́ràn Transformers, ó sì ti tó àkókò kí ẹnìkan dá a dúró. Wọ́n ní Starscream nìkan ló ní làákàyè nínú gbogbo Decepticon. Wọ́n ní Megatron ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, pé ká ní wọ́n fi í joyè ni, nǹkan ì bá yàtọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti sọ ọ́ di àwòkọ́ṣe: ẹni tí kò gbà kí ọ̀gá rẹ́ òun jẹ, tó jà fún ipò rẹ̀. A ò gbà o. Fíìmù tí gbogbo yín mọ̀ dunjú la ó fi jiyàn náà, ìyẹn The Transformers: The Movie, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1986.

Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí. Ọdún 2005 ni wọ́n fi ìtàn náà sí. Àwọn Decepticon kọlu ìlú àwọn Autobot tó wà nílé ayé wa níbí. Optimus Prime dé, òun àti Megatron wọ̀yá ìjà, ìjà náà sì le débi pé ọgbẹ́ rẹ̀ ló pa Optimus, Megatron náà ò sì lè dìde dáadáa mọ́. Starscream bá pàṣẹ pé kí wọ́n máa lọ. Gbogbo wọn rọ́ wọ inú Astrotrain, ẹni tó lè di rélùwéè, tó tún lè di ọkọ̀ tó ń fò lọ sójú sánmà. Ẹrù ti pọ̀ jù. Astrotrain ní òun ò ní lè dé Cybertron bí wọn ò bá dín ẹrù kù. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n dìbò. Àwọn tí ara wọn le ní kí wọ́n ju àwọn tó fara gbọgbẹ́ síta, àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ká má rí i. Ṣé ẹ rí irú ìbò yẹn? Wọ́n jù wọ́n nù lóòótọ́, Starscream fúnra rẹ̀ ló sì ti Megatron síta.

Wọn ò tíì mí dáadáa tí ìjà oyè fi bẹ́ sílẹ̀. Soundwave ní òun ló kàn. Àwọn Constructicon para pọ̀, wọ́n di Devastator, wọ́n ní àwọn ló kàn. Nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, lójú òfuurufú, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá lójú ogun ń na ara wọn.

Ta ló ń bọ̀ lásìkò yẹn? Unicron ni, plánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ plánẹ́ẹ̀tì. Àwa tí à ń wò ó ti mọ̀, torí láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù la ti rí i tó jẹ Lithone mọ́lẹ̀ tèèyàn-tilé. Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn Autobot ti fìdí kalẹ̀ sórí òṣùpá méjèèjì tó ń yí Cybertron ká, wọ́n ń múra láti gba ìlú wọn padà. Ọ̀tá wà lórí òṣùpá, ọ̀tá tó ju ìyẹn lọ tún wà lọ́nà. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ fojú sí gan-an rèé. Àwọn tí Starscream jù nù ò ṣòfò. Unicron ló ṣà wọ́n. Ó sọ Megatron di Galvatron, ó fi àwọn yòókù ṣe Cyclonus àti Scourge pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ọmọ ogun tí ọ̀tá ò ní tẹ́lẹ̀, Starscream ló kó o fún un, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá ní ọlọ́gbọ́n ni Starscream, ẹ bá wa bi í léèrè: irú ọgbọ́n wo ló ń fi ará ilé ẹni ta ọ̀tá lọ́rẹ?

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní Megatron náà ò sunwọ̀n, aninilára ni, ó sì yẹ kó kúrò lórí oyè. Òótọ́ ni. A ò bá yín du ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí èèyàn burúkú kúrò lórí àga kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kí ìlú ó dára. Látìgbà tí kàtúùnù náà ti bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1984 ni Starscream ti ń pariwo pé òun ló yẹ kí òun ṣe olórí. Ó dáa, nígbà tó wá dé ibẹ̀, kí ló fi ṣe? Kò pe ìgbìmọ̀ lórí àwọn Autobot tó wà lókè orí wọn. Kò wá oúnjẹ agbára fún àwọn tí ogun ti rẹ̀. Ìwúyè ló kọ́kọ́ ṣe: adé lórí, aṣọ ìgúnwà léjìká, wọ́n ń fun fèrè. Ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá àga kò rò ó rí pé iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn kí èèyàn jókòó.

Galvatron ló wọlé, ó di àgbá, ó yìnbọn lù ú, Starscream di eérú. Ó parí.

Ohun tó wá bà wá nínú jẹ́ jù ni àwọn èrò tó dúró níbẹ̀. Àwọn kan náà tó ń hó fún Starscream ló yíjú padà tí wọ́n hó fún Galvatron. Ẹnikẹ́ni ò bi í pé: ara tuntun yìí, níbo lo ti rí i? Ta ló fún ọ, kí lo sì fi gbà á? Ká ní wọ́n béèrè ni, wọn ì bá gbọ́ pé Unicron ló fún un, àti pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ́. Ẹni tó borí nínú ìjà oyè ti di ẹrú kó tó gorí oyè. Kò pẹ́ tí Unicron fi jẹ òṣùpá méjèèjì, tó sì nawọ́ sí Cybertron gan-an, tòun ti àwọn tó ń hó. Ẹ̀bi Starscream pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn alátẹ̀wọ́ yìí ò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀. Níbi tó bá ti jẹ́ pé ẹni tó lágbára jù ni olórí, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni Starscream, kálukú kàn ń retí ọjọ́ tí ọ̀gá máa fara pa ni.

Ẹ wá wo òdìkejì. Nígbà tí Optimus fẹ́ kú, ó gbé Matrix, àmì oyè wọn, lé Ultra Magnus lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Magnus fúnra rẹ̀ ò rò pé òun tó bẹ́ẹ̀. A ò ní purọ́ fún yín: Optimus ò yàn dáadáa. Magnus ò lè ṣí Matrix nígbà tí ọ̀ràn dójú ẹ̀, Galvatron sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ Springer ò tìtorí ìyẹn dojú ìbọn kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni Kup ò sọ pé òun tóun dàgbà jù ló kàn. Ara wọn ni wọ́n ń wá kiri. Hot Rod tí kò bẹ ẹnikẹ́ni fún oyè ló wá ṣí Matrix nínú ikùn Unicron, tó di Rodimus Prime. Ẹgbẹ́ tó ṣì olórí yàn, tí kò sì bá ara rẹ̀ jà, ṣì lè tún un ṣe. Ẹgbẹ́ tó ti ju ìdajì ara rẹ̀ nù, kí ló kù tó máa fi ṣàtúnṣe?

Ẹlòmíì á ní ọjà lásán ni gbogbo ẹ̀. Hasbro ló fẹ́ kó àwọn bèbí àtijọ́ kúrò lórí igbá kí tuntun lè tà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pa wọ́n. A gbà, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ṣùgbọ́n ọjà ò sọ bí kálukú ṣe máa kú. Àwọn ọmọdé sunkún Optimus débi pé wọ́n ní láti jí i dìde lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1987. Starscream náà padà wá, bí iwin ni, ẹ sì mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó lọ kó tó lè rí ara rẹ̀ gbà? Ọ̀dọ̀ orí Unicron ni, ó lọ bá a dúnàádúrà. Bí Megatron ṣe gba ara lọ́wọ́ ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni Starscream náà ṣe gbà á. Ẹ̀yin tó ń jà pé ta ló sàn jù nínú àwọn méjèèjì, ẹnu ọ̀nà ọ̀tá kan náà ni wọ́n ti pàdé.

A ò sọ pé kí ẹ má fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń pani lẹ́rìn-ín, ohùn ẹ̀ dùn. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ má mú un lọ sínú ẹgbẹ́ yín. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ààrẹ méjì, tí owó iléèwé sì ń gun òkè lójú wọn, ẹ ti rí irú ẹ̀. Ẹgbẹ́ àdúgbò tí alága àti akọ̀wé ti gba ilé ẹjọ́ lọ, tí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ wọn sì ti ń wọn ilẹ̀, ẹ ti rí ìyẹn náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún pè yín kí ẹ wá hó fún ẹni tó borí, ẹ má tíì ṣí ẹnu. Ẹ kọ́kọ́ ka àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Ẹ béèrè iye tí wọ́n jẹ́ nígbà tí ẹ gbéra.