"Àjẹsára" Kọ́ ni Ọ̀rọ̀ Náà

Àrùn kan wà tí omi fi ń kó jọ sí ara ọlẹ̀ nínú ìyá rẹ̀: sí abẹ́ awọ, sí ikùn, sí àyíká ẹ̀dọ̀fóró tàbí ti ọkàn. Bí omi bá ti wà ní méjì, ó kéré tán, nínú ibi wọ̀nyí, hydrops ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ní ọdún 1943 ni Edith Potter, ará Amẹ́ríkà, ya èyí tí kò ti inú àìbáramu ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ wá sọ́tọ̀. Láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ anti-D ti dé ní ìparí àwọn ọdún 1960, irú kejì yìí ni ó wá pọ̀ jù.

Níhìn-ín ni ògbufọ̀ ti ń ṣubú. Ó rí "non-immune", ó sì kọ "aláìlájẹsára". Ṣùgbọ́n kí ni àjẹsára lójú aboyún Òrò-Àgọ́? Abẹ́rẹ́ tí a ń gbà ní ilé ìwòsàn ni. Bí a bá wí fún un pé ìkómi aláìlájẹsára ni ó mú ọmọ inú rẹ̀, ohun tí yóò gbọ́ ni pé òun pa abẹ́rẹ́ jẹ. Ìyá ọkọ rẹ̀ tí ó bá a lọ sí Ìlọrin yóò gbọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ẹ̀bi yóò sì bá a délé, nígbà tí kì í ṣe abẹ́rẹ́ náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń sọ rárá.

Ògùdùgbẹ̀ tí ẹlòmíràn lè dábàá kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, ó sì dùn létí, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí ara rẹ̀ wú ni a mọ̀ ọ́n mọ́. Ará ilé a sì tètè máa bèèrè ẹni tí ó fi í ṣe é.

Èrò tèmi ni pé kí a pe àrùn náà ní ìkómisára ọlẹ̀, kí a sì pe irú kejì ní ìkómisára tí kì í ṣe ti ìjà ẹ̀jẹ̀. Ó gùn, mo mọ̀; ṣùgbọ́n ó tọ́ka sí ohun tí dókítà yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, èyíinì ni bóyá ẹ̀jẹ̀ ìyá ń bá ti ọmọ jà. Bí kò bá rí ìjà, ìwádìí yóò kan ọkàn ọlẹ̀ nípa síkáànù, yóò kan sífílíìsì, kòkòrò parvovirus B19 tí ń mú ẹ̀jẹ̀ ọlẹ̀ gbẹ, àti omi tí ó yí ọlẹ̀ ká, tí a ń fà díẹ̀ nínú rẹ̀ láti yẹ kúrómósóòmù wò.

Àwọn ìdí wọ̀nyí kò dọ́gba. Pẹnisílíìnì tí ìyá gbà lè kápá sífílíìsì. Oògùn tí ìyá ń lò lè dẹ ọkàn ọmọ tí ń sáré jù. A sì lè fa ẹ̀jẹ̀ sí ọlẹ̀ lára nínú ilé ọmọ, níbi tí irinṣẹ́ àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe bá wà. Àwọn mìíràn kò gbóògùn. Nítorí náà ni mo fi fara mọ́ "ìtọ́jú", tí n kò fara mọ́ "ìwòsàn", tí í ṣe ìlérí. Ìyá fúnra rẹ̀ tilẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí wú, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ru, èyí tí ó léwu. Ìwú-ìyá-bí-ọmọ ni mo dábàá fún un.

Kí a tó tẹ èyíkéyìí nínú wọn sínú ìwé, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbé wọn lọ sí ọjọ́ aboyún ní Òrò-Àgọ́ tàbí Òmù-Àrán, kí ó kà wọ́n sókè, kí ó sì bi àwọn obìnrin léèrè ohun tí wọ́n gbọ́.