Owó tó Lórí, tí Kò Níye Lórí

Láìpẹ́ yìí ni mo fi owó onírin náírà kan sínú igbá alágbe kan. Ó mú un, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì dá a padà fún mi tàdúràtàdúrà. Òfin kò fagi lé owó náà, ọjà ló fagi lé e. Bẹ́ẹ̀, orí Herbert Macaulay ló wà lára rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi bù fún bàbá náà. Òótọ́ ni, nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1979 tí àwòrán rẹ̀ kọ́kọ́ hàn lára náírà kan, owó bébà ni, náírà kan sì ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Ní 1991 wọ́n sọ ọ́ di onírin. Ní 2007 wọ́n tún un rọ, orí kan náà ni wọ́n sì tún gbé sí i. Ṣé ọ̀wọ̀ náà ni kí á gbé àgbà jókòó sórí àga, kí ikán jẹ àga náà tán, kí á má sì gbé e dìde?

Ta ni ẹni tí à ń wí yìí? Ní 1920 ó bá Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù nítorí ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà. Ní 1921, Privy Council dá onílẹ̀ láre pé kí wọ́n san owó ilẹ̀ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ẹni tó jà kí ohun ìní wa má di yẹpẹrẹ ni a wá fi sára owó yẹpẹrẹ! Ní 1944, òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ NCNC, Azikiwe ni akọ̀wé. Lónìí, akọ̀wé wà lára 500 náírà, ààrẹ wà lára ẹyọ kan. Èmi kò bá akọ̀wé jà o. Ipò rẹ̀ yẹ ẹ́.

Owó onírin ti 1973 sàn jù. Kòkó ni wọ́n yà sára kọ́bọ̀ 5, ọ̀pẹ sára kọ́bọ̀ 10, ẹ̀pà sára kọ́bọ̀ 25. Nígbà tí àwọn yẹn kú lọ́jà, ojú kò ti ẹnikẹ́ni. Ẹ̀pà kò lórúkọ tí à bá bà jẹ́.

Nítorí náà, ọ̀kan nínú méjì: kí ìjọba rọ owó onírin tí yóò ra nǹkan, tàbí kí wọ́n gbé orí bàbá kúrò lára èyí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lónìí, orí àgbà gan-an ló wọ́ lọ́jà, àwa ọmọ sì ń wò ó níran.