Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwọn Atúnkà sí Ìgbìmọ̀ Ilé Ìkàwé Àdúgbò Wa

Ẹ̀yin àgbà wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó, pàápàá owó epo jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń ná kí àwa má baà máa fi fóònù tanná kàwé. Àwa tí a fọwọ́ sí ìwé yìí kò wá fa wàhálà. Ẹ̀bẹ̀ la wá bẹ̀, nítorí ìwé mẹ́rìnlá tó wà, tàbí tó yẹ kó wà, ní pẹpẹ ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé: The Wheel of Time, tí Robert Jordan, ará Charleston ní South Carolina, Amẹ́ríkà, kọ.

Òfin tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló mú wa kọ̀wé. Ó ní ẹni tó bá ti yá ìwé kan kà tán kò gbọdọ̀ yá a mọ́, kí ìwé lè kárí. Nígbà tí ọ̀kan nínú wa gbé ìwé kìíní lọ sórí tábìlì, wọ́n yẹ káàdì rẹ̀ wò, wọ́n ní ó ti kà á, wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ tún un kà ni. Wọ́n bi í pé ṣé kò yé e nígbà àkọ́kọ́ ni.

Kò kúkú yé e, ẹ̀yin àgbà. Kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa. Bí ọkùnrin náà ṣe kọ ọ́ nìyẹn.

Jordan, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ James Oliver Rigney, kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì, ó sì ṣiṣẹ́ ẹnjinníà kó tó sọ ìwé kíkọ di iṣẹ́. Ìwé rẹ̀ kìíní jáde ní 1990, èyí tó ṣe ìkẹrìnlá jáde ní 2013. Òun fúnra rẹ̀ kò fojú kan àṣekágbá yẹn lórí àtẹ. Ó kú ní oṣù kẹsàn-án 2007. Ìyàwó rẹ̀, Harriet McDougal, tó tún jẹ́ olótùú rẹ̀, ló pe Brandon Sanderson kó wá fi àkọsílẹ̀ tí olóògbé fi sílẹ̀ parí iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Ta ló máa la irú igbó bẹ́ẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó máa ní òun ti mọ gbogbo igi inú rẹ̀?

Ẹni tí kò bá tíì kà á dé òpin, kó jọ̀ọ́ fo ìpínrọ̀ yìí. Nínú ìwé kìíní, ní ilé èrò kan nílùú Baerlon, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Min. Bó bá wo èèyàn, á máa rí àwòrán ní àyíká orí onítọ̀hún. Rand, ọmọ àgbẹ̀ tí ìtàn náà dá lé, ní kó sọ ohun tó rí fún òun, Min sì ń kà á sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó rí idì pupa lára Mat ọ̀rẹ́ Rand, ó rí ìwo, ó rí ojú kan ṣoṣo lórí òṣùwọ̀n. Nígbà tí a kọ́kọ́ kà á, a sáré kọjá ibẹ̀ ni, torí àwọn abàmì ẹ̀dá tí wọ́n ń pè ní Trolloc ń bọ̀ lẹ́yìn, ohun tó jẹ wá lógún ni bóyá àwọn ọmọ náà á yè é. Inú ìwé kẹtàlá, tó jáde ní 2010, ni Mat ti yọ ojú rẹ̀ kan san owó ìràpadà obìnrin kan tó ń jẹ́ Moiraine nínú ilé gogoro Ghenjei. Ogún ọdún gbáko ni ojú yẹn fi wà lórí òṣùwọ̀n. Ó tún ku ìran kan. Min sọ fún Rand pé òun rí obìnrin mẹ́ta tó dúró ti òkú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka ìwé ìkẹyìn mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ni Min tó ń sọ ìran ọ̀hún. Ara wo ni kò ní bù ú ṣìn-ìn tó bá padà dé Baerlon?

Ẹ wá wo ohun tí òfin yín gbà lọ́wọ́ wa. Kíkà àkọ́kọ́ ni ẹ gbà wá láyè fún, èyí tí a fi ń sáré. Kíkà kejì, tí a fi ń rí nǹkan, ni ẹ tì mọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ báírò pupa ló kàn. Ní ìparí ìwé karùn-ún, The Fires of Heaven, tó jáde ní 1993, ọ̀dàlẹ̀ kan tó ń jẹ́ Asmodean ń rìn nínú ààfin Caemlyn. Wáìnì ló ń wá. Ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan, ó rí ẹnìkan, ó dá a mọ̀, ẹ̀rù bà á, ó kú. Jordan kò sọ ẹni tó pa á. Ó kàn ṣí ojú ìwé mìíràn, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni àwọn òǹkàwé káàkiri ayé fi ń jiyàn lórí ilẹ̀kùn kékeré yẹn: wọ́n ń ṣírò ẹni tó lè wà nítòsí, wọ́n ń yọ orúkọ kan kúrò, wọ́n ń fi òmíràn sí i, Jordan sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ náà hàn kedere. Ní 2010 ni ìdáhùn jáde, ní ẹ̀yìn ìwé kẹtàlá lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé orúkọ, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yà sí. Nínú ìwé karùn-ún ti ilé ìkàwé wa, ẹnìkan ti fi báírò pupa kọ orúkọ apààyàn náà gàdàgbà sí etí ojú ìwé, ó sì fàlà sí i nídìí. A ò ní kọ orúkọ ọ̀hún síbí, torí a gbọ́ pé ọmọ-ọmọ Alága wà ní ìwé kẹta. A ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìdáhùn inú ìwé kẹtàlá, tó wá padà sínú ìwé karùn-ún wá kọ ọ́, ó dà bíi pé atúnkà lòun náà. Ó dùn wá láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ìwé kẹwàá, Crossroads of Twilight ti 2003, kò sí lórí pẹpẹ mọ́. A gbọ́ pé ẹ yọ ọ́ torí pé ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ ní kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. A ò lè bá onítọ̀hún jiyàn jìnnà. Ìwé náà lọ́ra lóòótọ́. Ẹni tó ra ìwé kẹsàn-án ní 2000 tó sì dúró fún ohun tó lé ní ọdún méjì kó tó rí ìkẹwàá gbà lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Àwa ò dúró de nǹkan kan. Bí a bá kà á tán lálẹ́, ìkọkànlá la ó mú láàárọ̀, ohun tó sì bá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Egwene létí omi ìlú Tar Valon lójú ìwé ìkẹyìn rẹ̀ ni ẹsẹ̀ tí ìkọkànlá àti ìkejìlá fi dúró.

Àwọn kan ti gbà wá nímọ̀ràn pé ká lọ wo ti tẹlifíṣọ̀n. Apá mẹ́ta ló ṣe, láàárín 2021 sí 2025, wọ́n sì dá a dúró.

Àwọn àdììtú tó kù ni a máa ń tú palẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín. Ta ni Nakomi? Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Aviendha bá a pàdé nínú aṣálẹ̀, wọ́n jọ jẹun, obìnrin náà bi í léèrè ọ̀rọ̀ tó wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Aviendha yà sẹ́yìn díẹ̀, kó tó padà dé, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Báwo sì ni Rand ṣe tan páìpù rẹ̀ ní òpin ohun gbogbo, nígbà tí agbára tó fi ń tan iná ti kúrò lára rẹ̀? Jordan ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìran yẹn sílẹ̀ kó tó kú, kò sì ṣàlàyé. Àwọn kan nínú wa ní ayé fúnra rẹ̀ ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu báyìí. Àwọn yòókù ní ẹ jọ̀ọ́. Kò sí bí a ṣe fẹ́ parí ẹjọ́ yìí láìní ìwé lọ́wọ́.

Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. A mọ̀ pé àwọn ọmọdé ń dúró de ìwé, àti pé ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan péré lẹ ní. A gbà pé kí ẹni tí kò tíì kà á máa ṣáájú wa nígbàkúùgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé bá jókòó sórí pẹpẹ tí eruku ń bò ó, ta ni a pa lára bí a bá mú un lọ? Ògbójú Ọdẹ tí Fagunwa gbé jáde ní 1938, bàbá wa kà á, ó tún un kà, ó kà á fún wa, kò sẹ́ni tó yẹ káàdì rẹ̀ wò.

Nítorí náà, a fi ìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀ yín kí ẹ dá òfin náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tàbí kí ẹ jẹ́ ká máa yá ìwé tí kò sẹ́ni tó ń dúró dè fún ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ẹ bá wa dá ìwé kẹwàá padà sáàyè rẹ̀. Ẹ fún wa láyè kí a fi bébà funfun bo ohun tí wọ́n fi báírò kọ. Àwa la ó ra bébà àti gọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá sì rí ẹni tó ni báírò náà, ẹ má gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kàn sọ fún un pé Sátidé la máa ń pàdé, a sì fẹ́ gbọ́ ohun tó rò nípa páìpù yẹn.

Àwa ni tiyín nínú ìrẹ̀lẹ̀,
Àwọn Atúnkà Ọ̀sán Sátidé