Pàṣán Tí Wọ́n Fi Na Àlejò



Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá, ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní kí ẹgbẹ́ má ṣe gba àwọn kásúà tó wá láti Kútọnu àti Òkè Ọya. Ó ní àwọn ló ń gba owó táṣẹ́rẹ́, àwọn ni kò jẹ́ kí ọ̀gá fi kún owó wa. Ọ̀pọ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. N kò bá a jà, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìpàdé tó ń bọ̀ ni a ó dìbò lé ọ̀rọ̀ náà lórí, ó sì yẹ kí n sọ ibi tí ọ̀nà yìí máa ń já sí.

Lókè òkun lónìí, orin yìí ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kan fi ń gbilẹ̀: "Àlejò ló ba ilé wa jẹ́." Ní Jámánì, ẹgbẹ́ AfD gba ìbò bíi 21 nínú 100 ní oṣù kejì ọdún 2025, wọ́n ṣe ipò kejì. Ní Ìlú Ọba, ẹgbẹ́ Reform UK ti Nigel Farage gba bíi 14 nínú 100 ní oṣù keje ọdún 2024. Ní ìparí oṣù keje yẹn kan náà, ẹnì kan pa àwọn ọmọdébìnrin mẹ́ta ní Southport. Ariwo ta pé àjèjì tó wọkọ̀ ojú omi wọ̀lú ni. Irọ́ ni, Cardiff ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àwọn jàǹdùkú ya bo òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn tó wá forí pamọ́ ń gbé, wọ́n sì dáná sun ti Rotherham.

Kí ló ń mú òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀? Ilé iṣẹ́ ti kógbá wọlé ní àdúgbò wọn, owó ilé gbówó lórí, àwọn olóṣèlú tó sì yẹ kó gbèjà wọn kò wo ẹ̀yìn wò. Ìrora wọn kì í ṣe irọ́. Ẹni tí wọ́n ní kí wọ́n bínú sí ni kì í ṣe ọ̀tá wọn.

Àwa adúláwọ̀ náà ti jẹ nínú iṣu yìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gáńà fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọ̀kẹ́ àìmọye Yorùbá tó ti ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà èwe wọn ta ọjà wọn ní ọ̀pọ̀, wọ́n kó ọmọ wọn wálé. Ǹjẹ́ ara Gáńà wá dá bí? Rárá o. Gbèsè wà níbẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, ìjọba yẹn kan náà fi òfin tú àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Gáńà, TUC, ká. Ní oṣù kejìlá wọ́n gé iye owó sídì lulẹ̀. Ní oṣù kìíní 1972 ológun gbàjọba. Òṣìṣẹ́ tó pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù Yorùbá pa, kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ tirẹ̀ náà.

Kì í ṣe Gáńà nìkan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1933, Hitler fún òṣìṣẹ́ Jámánì ní ìsinmi, ó bá wọn ṣàjọyọ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ya wọ ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, wọ́n kó àwọn aṣáájú lọ sí àtìmọ́lé.

Àwa náà ṣe é. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ìjọba Shagari lé àwọn ará Gáńà tó bíi mílíọ̀nù kan lọ: tíṣà tó ń kọ́ ọmọ wa, bíríkìlà tó ń mọ ilé wa. Báàgì "Ghana Must Go" nìkan ló kù sí wa lọ́wọ́. Kí ọdún náà tó parí, ológun ti gbàjọba. Ní 1984, wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ìjọba, ọmọ Nàìjíríà pọ́ńbélé, kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè. Ilé iṣẹ́ irin Òṣogbo tí ẹ̀rọ rẹ̀ dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣé ará Kútọnu ló ní kí irin má wá láti Aladja mọ́? Ẹ̀yin awakọ̀, nígbà tí owó epo fò sókè láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ṣé Gàǹbàrí tó ń tún táyà ṣe ní gáréèjì ló fi kún un? Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Òṣómàáló, ìlú onílùú ni àwọn baba yín ti ta aṣọ, tí wọ́n lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè kí wọ́n tó rówó gbà. Bí wọ́n bá ti lé wọn, kí ni wọn ì bá fi kọ́lé sí Iléṣà?

Arákùnrin wa tó sọ̀rọ̀ kò parọ́ pé owó táṣẹ́rẹ́ ń pa wá lára. Ṣùgbọ́n ta ló ń san owó náà? Kásúà ń gbà á nítorí pé kò sí nínú ẹgbẹ́, kò sì lẹ́ni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Bí a bá tì í síta, ọ̀gá ni a bá ṣiṣẹ́. Bí a bá gbà á wọlé, tí a jọ béèrè owó kan náà fún iṣẹ́ kan náà, kò ní sí ẹni tí ọ̀gá yóò fi dẹ́rù bà wá. Abala 40 ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 sọ pé gbogbo ènìyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Kò ní ọmọ ibí nìkan.

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹ má ṣe bá wọn gbé e sọ́wọ́. Ẹ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀ ní pípé, kí ẹ dìbò kí a gbà wọ́n. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.