Ajá Kékeré Kì í Ṣe Ẹrù Tí À Ń Fi Ránṣẹ́ sí Tápà

Àwọn ajá kéékèèké onírun jọ̀wọ̀lọ̀ tí à ń rí ní Ìkẹjà àti Bódìjà ti ń wọ Ìbàràpá báyìí, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà wọ ibẹ̀ kò dára. Ọmọ Tápà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí Ìbàdàn a ra Lhasa, Chihuahua tàbí Pomeranian nígbà tí owó wà lọ́wọ́, a ya fọ́tò rẹ̀, a gbé e sórí Facebook. Bí onílé bá wá sọ pé òun kò fẹ́ ajá lágbàlá òun, tàbí tí físà ìlú òyìnbó bá jáde, ojú ọ̀nà ilé ni ajá ń kọ sí. Wọn a gbé e sínú páálí tí wọ́n dá ihò sí lára, wọn a fà á lé awakọ̀ lọ́wọ́ ní gáréèjì, ó di ọ̀dọ̀ ìyá ní Tápà. Owó oúnjẹ kò bá a wá, bẹ́ẹ̀ ni káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára kò bá a wá. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ránṣẹ́ tẹ̀ lé e: “Ẹ má ṣèyọnu, Màámi, ajá kékeré ni, kì í jẹun púpọ̀.”

Irọ́ ni gbólóhùn yẹn. Ẹni tí ó sọ ọ́ lè má mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n àìmọ̀ rẹ̀ kò dín ìyà ajá kù. Ajá ilẹ̀ wa, tí àwọn ọdẹ Ìbàràpá ń mú wọ igbó, ti bá oòrùn, eégbọn àti àjẹkù gbé láti ìran dé ìran; èyí tí kò lè fara dà á ti kú kí ó tó bímọ. Ajá kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn ni ó ń yan akọ fún abo, tí ó ń ṣa èyí tí ó kéré jù nínú àwọn ọmọ wọn, títí ajá fi di ohun tí a lè gbé sórí itan. Chihuahua, tí ó gba orúkọ lára ìpínlẹ̀ kan ní Mẹ́síkò, kò yẹ kí ó wọ̀n ju kílò mẹ́ta lọ bí ó bá dàgbà tán. Láti orí àwọn òkè olótùútù Tibet ni Lhasa ti wá, irun tí ó fi ń borí òtútù níbẹ̀ náà ni wọ́n sì dì mọ́ ọn lára wá sínú oòrùn oṣù kẹta ní Tápà. (Àwọn òyìnbó tí ń ṣètò ìran ajá kò tilẹ̀ ka Lhasa mọ́ àwọn tí ó kéré jù, àmọ́ ó wọ́pọ̀ púpọ̀ lọ́jà ajá tiwa.)

Ọmọ Chihuahua tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta kò gbọdọ̀ wà láìjẹun láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ó yẹ kí ó jẹun tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, díẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ara rẹ̀ kò ní ibi tí yóò kó agbára pamọ́ sí. Bí oúnjẹ bá pẹ́ jù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀. Yóò máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní í gbé e mọ́, gìrì lè mú un, ó sì lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá tí ó ti jí lọ sóko ẹ̀gẹ́ láti aago mẹ́fà, nígbà wo ni yóò bọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin? Ohun tí ó wà nílé láti fún un náà tún jẹ́ ewu. Májèlé ni àlùbọ́sà jẹ́ fún gbogbo ajá, nítorí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, ilé wo ni wọn kì í sì í fi sínú ọbẹ̀ ní Tápà? Ìwọ̀n tí ajá ọdẹ lè jẹ mọ́ra tó láti dá ajá kílò méjì dùbúlẹ̀.

Ó tún kù. Eyín wọn há mọ́ra wọn nínú ẹnu kékeré, ó sì tètè ń bàjẹ́. Egungun orúnkún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn a máa yẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun wọn kò lágbára, nítorí náà bí a bá so okùn mọ́ wọn lọ́rùn bí ti ewúrẹ́, ikọ́ ni wọn yóò máa wú. Okùn tí ó gba àyà ni ó yẹ wọ́n. Àtàrí òmíràn nínú wọn rọ̀ bí ti ọmọ ìkókó, bí ọmọdé bá sì já a bọ́ lọ́wọ́, ó lè parí síbẹ̀. Àrùn parvo tí ń mú ọmọ ajá bì, tí ó sì ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, lè gbé inú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ó yẹ kí ọmọ ajá ti bẹ̀rẹ̀ sí gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, kí ó sì tún un gbà títí yóò fi pé bí oṣù mẹ́rin. Àwọn tí ń na ọmọ ajá sí ọlọ́kọ̀ létí títì ní Èkó, mélòó nínú wọn ni ó ń fún olùrà ní ìwé tí dókítà ẹranko fọwọ́ sí?

Ajá ni ó ń jẹ gbogbo ìyà yìí. Èyí tí ó burú jù ni ti ọmọ ènìyàn. Bí ajá ńlá bá bu ọmọdé jẹ, gbogbo àdúgbò yóò pariwo, wọn yóò sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ajá kékeré bá bu ọmọ kan náà jẹ, ẹ̀rín ni wọn yóò rín. Dìgbòlugi kì í wọn eyín kí ó tó pa ènìyàn. Inú itọ́ ajá ni ó wà, ojú egbò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ sì tó o láti wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni ó ń pa lọ́dọọdún, pàápàá ní Éṣíà àti Áfíríkà, ajá ni ó sì ń kó o ran 99 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Nínú mẹ́wàá tí ẹranko tí a fura sí bá bù jẹ, mẹ́rin ni kò tíì pé ọmọ ọdún 15. Bí aláìsàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí sá fún omi, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ dókítà, ó ti bọ́ lọ́wọ́ adáhunṣe. Kí àmì tó yọ ni a lè gba ẹ̀mí là: kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Àwọn kan yóò bèèrè ìdí tí a ó fi máa náwó lórí ajá nígbà tí ebi ń pa ènìyàn. Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ajá ni kí wọ́n bi í, kì í ṣe ìyá tí wọ́n gbé e bá. Àwọn baba wa kò fi ajá ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ajá ní iṣẹ́, ó sì ní orúkọ tí ń jíṣẹ́: wọn a pe ajá ní Tanímọ̀la, aládùúgbò tí ń pẹ̀gàn ẹni a sì gbọ́ tirẹ̀. (Snow àti Bruno ni wọ́n ń jẹ́ nísinsìnyí.) Kò sì sí ẹni tí ó ní ajá kékeré kò wúlò. Etí rẹ̀ mú, a máa gbó bí àlejò bá dé, arúgbó tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ti lọ sì lè rí alábàágbé nínú rẹ̀. Bí ìyá bá fúnra rẹ̀ fẹ́ ẹ, tí owó ìtọ́jú sì wà, ta ni yóò bá a jà?

Òfin kò lè gba ajá náà sílẹ̀. Abala 495 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ilẹ̀ Nàìjíríà ka híhu ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀: ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí ìtanràn àádọ́ta náírà, tàbí méjèèjì. Àádọ́ta náírà! Ọlọ́kadà wo ni yóò gbà á láti gbé ènìyàn láti Tápà dé Igbó-Ọrà?

Bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ Ìbàràpá ní ìdènà àrùn. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Igbó-Ọrà láti kọ́ ìtọ́jú ìlera láàárín ará ìlú. Sobìà tí ó ń dá àgbẹ̀ dùbúlẹ̀ ní Ìdèrè ní àwọn ọdún 1980 kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, kànga tí wọ́n gbẹ́ àti ìlanilọ́yẹ̀ ni wọ́n fi lé e, Nàìjíríà sì gba ìwé ẹ̀rí ní 2013 pé ó ti tán nílẹ̀ yìí. Dìgbòlugi ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Bí ajá méje nínú mẹ́wàá ní ìlú kan bá gbà á, àrùn náà kò ní í rí ọ̀nà tàn. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko, bẹ́ẹ̀ ni Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta, méjèèjì kò sì jìnnà. 28 oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé. Kí Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìbàràpá pe àwọn dókítà wọ̀nyí wá sí ọjà Tápà lọ́jọ́ náà, kí wọ́n gún ajá ọdẹ àti ajá orí itan papọ̀.

Ọmọ tí ó wà ní Èkó ní tirẹ̀, kí ó kọ́kọ́ pe ìyá rẹ̀ kí ó tó wá páálí. Kí ó ṣàlàyé pé ajá yìí lè lo ọdún 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé, kí ó sì sọ iye tí òun yóò máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù fún oúnjẹ, oògùn eégbọn àti owó ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ìyá bá ní òun kò fẹ́, kí ó wá ẹni tí yóò gbà á ní Èkó, kí ó sì fún onítọ̀hún ní káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀.