Kí Ẹ̀rọ Sọ̀rọ̀ Kí Ọlọ́pàá Tó Múni: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọtí, Ọkọ̀ Wíwà àti Ààlà Agbára Ìjọba Lójú Pópó

Òfin tó ka ọtí léèwọ̀ fún awakọ̀ kì í ṣe tuntun ní ilẹ̀ Nàìjíríà, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí ojú ń rí lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tí yóò sọ pé kò yẹ kí ó wà. Ohun tí ìwé pẹlẹbẹ yìí ń jà fún ni pé agbára tí wọ́n fi ń mú òfin náà ṣẹ kò ní ààlà tó ṣeé tọ́ka sí, àti pé àìní ààlà yìí gan-an ló ń jẹ́ kí awakọ̀ tó mutí yó kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí ẹni tí kò fẹnu kan ọtí ń tọwọ́ bàpò kí wọ́n tó sún igi kúrò lọ́nà fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ọ̀kan nínú méjì ni ìlú gbọ́dọ̀ mú: kí agbára ọlọ́pàá pọ̀ kí ojú ọ̀nà lè rọgbọ, tàbí kí agbára náà dín kù kí ará ìlú lè fọkàn balẹ̀. Èrò yẹn kò tọ̀nà rárá, nítorí pé ibi tí agbára bá ti ní ìwọ̀n àti àkọsílẹ̀, tó sì kan olówó àti tálákà bákan náà, ni ẹjọ́ awakọ̀ tó mutí ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní kóòtù.

Ilẹ̀ Yorùbá ni iṣẹ́ ìṣọ́ ojú pópó ti ta gbòǹgbò. Ní 1977 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà sílẹ̀ lábẹ́ ìdarí Wọlé Ṣóyínká, nígbà tí ìjọba ológun sì fi òfin nọ́ńbà 45 ti 1988 dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Òdiwọ̀n tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú mílílítà 100 ẹ̀jẹ̀. Kí ohun tí nọ́ńbà yìí túmọ̀ sí lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ kì í kánjú: nǹkan bíi mílígíráàmù 15 ni ara ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú kúrò nínú ìwọ̀n náà láàárín wákàtí kan, yálà ẹni náà sùn, tàbí ó wẹ omi tútù, tàbí ó mu kọfí. Awakọ̀ tó dé orí ìwọ̀n 120 ní agogo méjìlá òru, tó sì sùn wákàtí mẹ́rin gbáko kí ó tó lọ gbé èrò ìdájí, ṣì wà ní nǹkan bí 60 nígbà tó bá ń kó èrò, bó tilẹ̀ ń búra pé ojú òun ti dá. Irú awakọ̀ báyìí kò purọ́. Ara rẹ̀ ni kò sọ fún un.

Bí ara ẹni kò bá lè sọ fún ẹni náà, ojú àti imú ọlọ́pàá kò lè sọ fún ọlọ́pàá náà pẹ̀lú. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ ti le lè máa mí èémí tó ń rùn bí ẹni tó mutí, ẹni tí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ jù lè máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ máa lọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí wárápá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀, ẹni tó forí gbá nínú ìjàǹbá, àti awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù tó ti wakọ̀ láti Kánò láìsùn. Ìdàkejì rẹ̀ wá burú ju èyí lọ, nítorí pé ògbólógbòó ọ̀mu tí ọtí ti mọ́ lára lè dúró ṣánṣán, kí ó kí ọlọ́pàá tẹ̀ríntẹ̀rín, kí ó sì mú ìwé ọkọ̀ rẹ̀ jáde láìgbọ̀n, nígbà tí ìwọ̀n tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì òdiwọ̀n lọ. Nítorí náà, òfin tó bá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ojú lásán yóò mú aláìsàn, yóò sì fi ọ̀mùtí sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí orísun ọ̀rọ̀ náà kí ó lọ sí gáréèjì ní ìdájí. Ìsọ̀ paraga á ti ṣí kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó kún: tábìlì pákó, àwọn ìgò tí egbò àti èèpo igi wà nínú wọn, ife kékeré tí wọ́n ń ṣàn nínú omi abọ́ kan náà, àti olùtajà tó mọ̀ pé dírẹ́bà ọkọ̀ Ṣàgámù fẹ́ràn ọ̀pa ẹ̀yìn, pé ti Ìjẹ̀bú-Òde sì ń béèrè jẹ̀díjẹ̀dí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń mu ún kò kà á sí ọtí, oògùn ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ògógóró ni wọ́n fi rẹ ọ̀pọ̀ nínú egbò náà. Ọtí inú ọ̀rá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n lè fi sápò, tí wọ́n sì lè fi eyín já lórí ìrìn. Ní 2018 ni NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, bá àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é fẹnu kò pé yóò ti kúrò lórí àtẹ nígbà tí oṣù kìíní 2024 bá fi parí. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ariwo sọ, wọ́n sì tún fi àkókò kún un. Ìjọba tó ń jẹ́ kí ọtí wà ní ẹnu ọ̀nà gáréèjì, tó wá gbé ọlọ́pàá sí kìlómítà mẹ́wàá síwájú láti mú ẹni tó mu ún, kò tíì pinnu ohun tó fẹ́.

Ẹ̀rọ tí ń wọn ọtí nínú èémí ni ohun èlò tó lè yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò nínú àfojúrò. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro: ọtí inú ẹ̀jẹ̀ máa ń yọ sínú afẹ́fẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀rọ náà á wọn ti inú afẹ́fẹ́, á sì fi ìṣirò sọ ti inú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ní òfin tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì pa á mọ́ yóò rí irọ́ kà. Bí ọtí bá ṣì wà nínú ẹnu, nítorí pé ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e mì tàbí ó gùnfẹ̀, nọ́ńbà náà á ga ju bó ti yẹ lọ, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dúró fún ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tó ní kí ó fẹ́ ẹ. Ọ̀pá ìfẹnufẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun fún ẹni kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ máa padà lọ sílé àyẹ̀wò lóòrèkóòrè kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ṣì ń sọ òótọ́.

Orílẹ̀-èdè Bìrìtìkó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yìí sínú òfin, ní 1967, nígbà tí Barbara Castle jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà. Obìnrin náà kò mọ ọkọ̀ wà, àwọn tí inú ń bí sì sọ ọ́ sí i lójú, àmọ́ iye àwọn tó kú lójú pópó lọ sílẹ̀ lẹ́yìn òfin náà. Ohun tó yẹ kí ará Nàìjíríà wò dáadáa níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe so agbára náà mọ́ ìdí. Ọlọ́pàá ilẹ̀ náà lè dá ọkọ̀ èyíkéyìí dúró, ṣùgbọ́n kò lè ní kí awakọ̀ fẹ́ ẹ̀rọ àfi bí ó bá fura lọ́nà tó mọ́gbọ́n dání pé ó mutí, tàbí pé ó rú òfin ìrìnnà, tàbí bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni awakọ̀ ń fẹ́ ẹ̀rọ ńlá, nọ́ńbà tó kéré jù nínú méjèèjì sì ni òfin gbà lò. Òfin ti gbà pé ẹ̀rọ lè ṣìnà, ó sì ti pinnu ẹni tí àǹfààní àṣìṣe náà yóò jẹ́ tirẹ̀.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà náà sì yẹ ní fífarabalẹ̀ wò, nítorí pé ìwà ìdádúró tó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́ níbẹ̀. Ní 1979, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbọ́ ẹjọ́ ọlọ́pàá kan ní Delaware tó dá ọkọ̀ dúró láìrí ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ ni pé òun rí ọkọ̀ náà, iṣẹ́ mìíràn kò sì sí lọ́wọ́ òun. Ilé ẹjọ́ ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé dídá ènìyàn dúró bí ó ti wu ọlọ́pàá kan nínú ọkàn rẹ̀ ni ìwé òfin lòdì sí. Ní 1990, ilé ẹjọ́ kan náà gba ibi àyẹ̀wò ọtí ti Michigan láyè pẹ̀lú ìbò mẹ́fà sí mẹ́ta. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì: ìgbìmọ̀ ló kọ ìlànà ti Michigan sílẹ̀ ṣáájú, gbogbo ọkọ̀ tó bá dé ibẹ̀ ni wọ́n ń dá dúró, kò sì sí ọlọ́pàá tó ń ṣà wọ́n. Ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n tíì ṣe é kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ 126 ló kọjá láàárín wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15, ìdádúró ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 25, awakọ̀ méjì ni wọ́n sì mú. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Michigan fúnra rẹ̀ sọ ní 1993 pé òfin ìpínlẹ̀ náà kò gba irú ibi àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ní 2000, nígbà tí ìlú Indianapolis fẹ́ fi irú ibi bẹ́ẹ̀ wá oògùn olóró, ilé ẹjọ́ ní rárá: ọ̀rọ̀ ààbò ojú ọ̀nà nìkan ló fún wọn láyè, kò sì yẹ kí ó di ihò tí wọn yóò máa gbà wọ inú bùùtù ọkọ̀ gbogbo ènìyàn.

Ẹjọ́ tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà dá ní 2016 wá fi ìlà sáàárín èémí àti ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá ti mú awakọ̀ pẹ̀lú ìdí, wọ́n lè gba èémí rẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ adájọ́, nítorí pé fífẹ́ ẹ̀rọ kò dun ènìyàn, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba ju nọ́ńbà lọ. Ṣùgbọ́n fífi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ ń gún ara, ẹ̀jẹ̀ náà sì lè sọ ohun mìíràn nípa ẹni náà tí kò kan ọtí rárá, nítorí náà adájọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìlà yìí bá làákàyè mu, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin Nàìjíríà gbà á bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe pé ìwé òfin Nàìjíríà dákẹ́. Abala 35 ìwé òfin 1999 sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí ìmúni sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n mú láàárín wákàtí 24, ní èdè tó gbọ́, pé bí kóòtù bá wà láàárín 40 kìlómítà, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀, àti pé ẹni tí wọ́n mú lọ́nà àìtọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ẹ̀bẹ̀ ní gbangba. Ohun tó kù ni àfárá láàárín ọ̀rọ̀ wọ̀nyí àti ibi tí igi dí ọ̀nà ní agogo mẹ́wàá alẹ́. Owó ìtanràn tó wà nínú ìwé Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fún ẹni tó mutí wakọ̀ láti ọdún pípẹ́ ni ₦5,000; níwọ̀n ìgbà tí ohun tí wọ́n lè fi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ kò bá tó èyí, tí ọkọ̀ tí wọ́n bá wọ́ lọ sí àgọ́ sì lè pẹ́ níbẹ̀, kò sí dírẹ́bà tí kò mọ èyí tó rọ òun lọ́rùn. Ọkọ̀ ti di ohun ìdógò. Ó tọ́ kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀rọ ti dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ náà yẹ kí ó padà sọ́wọ́ ẹni tí kò mutí tí ó bá wá gba ọkọ̀ náà ní òru yẹn kan náà, tàbí sọ́wọ́ awakọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá wálẹ̀, láìgba kọ́bọ̀, nítorí pé ìjìyà jẹ́ iṣẹ́ adájọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé kí ìjọba ra ẹ̀rọ púpọ̀, kí ó sì pàṣẹ iye ènìyàn tí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dán wò lóṣù. Àwọn tó ti gbìyànjú èyí rí ẹ̀kọ́ kọ́. Ní Ireland, ní 2017, ó hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀ àyẹ̀wò èémí ló wà nínú àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Ní Victoria ní Australia, ní 2018, wọ́n rí àyẹ̀wò ayédèrú tó lé ní 250,000, tí àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn fẹ́ tàbí tí wọ́n di ihò ẹ̀rọ láti fi kún iye. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí owó oṣù ti ń wọlé déédéé, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni bu iye fún àgọ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà.

Ohun tí ìwé yìí ń bèèrè kò pọ̀. Kí ìlànà ibi àyẹ̀wò wà lákọsílẹ̀ kí ọlọ́pàá tó jáde, pẹ̀lú orúkọ ọ̀gá tó fọwọ́ sí i àti ọ̀nà tí wọn yóò fi yan ọkọ̀. Bí ìwé bá sọ pé ọkọ̀ karùn-ún ni, ọkọ̀ karùn-ún náà ni, yálà dánfó ni tàbí jíìpù tó ń fọn fèrè. Kí wọ́n má mú ẹnikẹ́ni fún ọtí nìkan àyàfi bí ẹ̀rọ bá ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí nọ́ńbà, aago àti àmì ẹ̀rọ náà jáde lórí bébà, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ awakọ̀. Kí kíkọ̀ láti fẹ́ ẹ̀rọ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òfin náà di ohun yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kí ó lè fẹ́ ẹ lè béèrè fún dókítà. Kí owó má kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bọ́ sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà.

Àwọn kan á ní Àbújá ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Lóòótọ́, ìrìnnà lórí ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ wà nínú àtòjọ tó jẹ́ ti Àbújá nìkan, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìpínlẹ̀ kò sí níbẹ̀, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù sì ti fi hàn ní 2020, nígbà tí wọ́n gbé òfin ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn jáde, pé àwọn lè ṣe òfin tó jọra láàárín oṣù díẹ̀ bí ó bá wù wọ́n. Ti gáréèjì tilẹ̀ rọrùn ju èyí lọ, nítorí pé àfikún kẹrin ìwé òfin fi í sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Káńsù kan náà tó ń já rìsíìtì owó ìsọ̀ fún olùtajà paraga láàárọ̀ ló ní àṣẹ láti sọ pé ìsọ̀ náà kò gbọdọ̀ wà nínú gáréèjì mọ́. Kò nílò ìbọn, kò nílò ẹ̀rọ, ìpàdé àwọn káńsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo sì ti tó fún un, bí wọ́n bá wá ibi mìíràn fún olùtajà náà láti tà.