Ọmọ Àjàṣẹ́ Tí A Kò Mọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ sọ fún àwọn ọ̀dọ́ Akpakpa kí wọ́n dárúkọ àwọn òṣèré fíìmù Ṣáínà àti ti Íńdíà, wọn yóò máa kà á títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ wá bi wọ́n pé ta ni Paulin Soumanou Vieyra. Púpọ̀ nínú wọn yóò dákẹ́. Èyí dùn mí, nítorí Àjàṣẹ́ tó wà nítòsí wa yìí ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1925.

Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí ó dàgbà, ó kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Páríìsì, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Ó fẹ́ ya fíìmù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1934 ni ìjọba Faransé ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń ṣàkóso láìgba àṣẹ. Wọn kò fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láṣẹ. Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n dúró sí Páríìsì, wọ́n sì ya bí àwọn ènìyàn dúdú ṣe ń gbé níbẹ̀. Ní ọdún 1955 ni fíìmù náà jáde. Afrique-sur-Seine ni orúkọ rẹ̀. Seine ni odò tó la Páríìsì kọjá.

Lẹ́yìn òmìnira, Sẹ̀nẹ̀gàl ni ó ti ṣiṣẹ́ jù. Ó ya fíìmù nípa ìjàkadì wọn, ó sì bá Ousmane Sembène ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1975, ó tẹ ìwé ńlá jáde lórí ìtàn sinimá Áfíríkà. Ó kú ní ọdún 1987.

Mo fẹ́ kí wọ́n wá fi fíìmù yẹn hàn wá ní kíláàsì yìí, kí ẹnì kan máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá àti Gùn. Ẹnìkan lè sọ pé, “Kí ni fíìmù àtijọ́ yóò ṣe fún àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ A, B, D?” Ẹ̀yin ará, ẹ rántí bí a ti ń bẹ akọ̀wé kí ó bá wa kọ lẹ́tà. Ohun tó wù ú ni ó ń kọ, àwa a sì tẹ̀ka sí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn tó ṣòfin ọdún 1934 ṣe fẹ́ kí àwòrán wa rí.

Fíìmù náà kò gùn. Bí ìṣẹ́jú 20 ni. Tí òjò bá rọ̀, a máa ń dúró de olùkọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.